Kò Sí Wàhálà Kankan Lára Ẹ̀rọ Màámi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni àbí ọ̀sán ni lẹ́tà yìí máa bá yín, torí náà mo kí yín láàárọ̀, mo tún kí yín lọ́sàn-án. Ẹ kú ilé o. Mo ti gúnlẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ò ṣe wá ní nǹkankan, àfi obìnrin tó jókòó tì mí, tó fi èjìká mi ṣe ìrọ̀rí títí a fi balẹ̀. Yàrá mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, òtútù ló kàn ti gba ibẹ̀ bí ẹni tó ń san owó ilé.

Ẹ má bínú pé mi ò ráyè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn dáadáa kí n tó lọ. Ilé iṣẹ́ tó ni ètò tó ń darí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sọ pé àwọn ò ní tọ́jú ẹ̀ mọ́, kí ẹ lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkankan! Ló bá di pé mo yọ ètò wọn kúrò, mo fi tiwa sí i, èyí tí à ń ṣe níbi iṣẹ́ mi. Ẹ bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Màámi, aránṣọ ni yín, ẹ wò ó báyìí: tiwọn dà bí aṣọ tí wọ́n rán tán, tí wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ tú ojú ìrán ẹ̀. Bó fún yín, bó tóbi jù, bẹ́ẹ̀ lẹ máa wọ̀ ọ́. Tiwa, a fún yín ní aṣọ, a sì fún yín ní pátánù tí a fi gé e. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rán lè tú u, kó tún un ṣe, kó fún ará ilé kejì. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe é, amọ̀ṣẹ́ ni wọ́n, ara wọn ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Ẹni tó kàn fẹ́ wo fọ́tò ọmọ ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kì í mọ ọ̀nà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ẹ̀ka Ará Ilé ni wọ́n ń pè wá, àwa mẹ́ta péré la wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ bá mi lò ó. Ohunkóhun tó bá le fún yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ ń gbọ́? Ohunkóhun. Lórí fóònù, "ṣé dáadáa ni" àti "ó dàbọ̀" ló máa ń jẹ gbogbo àkókò wa tán, lẹ́tà la jọ sọ pé a máa fi ṣe é.

Ọmọ yín tó ń yọ yín lẹ́nu,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Oníbéèrè mi,

Kú òtútù, kú iṣẹ́, kú àìsí nílé. Lẹ́tà ẹ dé ọwọ́ mi, mo sì dúpẹ́ pé o dé láyọ̀. Ìwọ àti obìnrin inú ọkọ̀ yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó sùn lé ẹnì kejì, torí mo mọ oorun tìẹ.

O gbàgbé súẹ́tà ẹ sórí àga. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti ká a. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ níbí tí ooru ti ń pa wá? O ò sì jẹun dáadáa níbẹ̀ yẹn. Nígbà tó o ń lọ tí mo di apá ẹ mú, egungun ni mo bá. Mi ò kàn fẹ́ bá ọ jà lójú ọ̀nà ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ò wọ̀ mí létí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹni tó bá fẹ́ fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń yọjú wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ó kó okùn dání. Ta ló ń fún yín lówó oṣù? Jẹ́jẹ́ náà béèrè. O rántí Jẹ́jẹ́, dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé nígbà tó ń wakọ̀, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn kí wọ́n lè tètè dé. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀ ń ṣọ́ wa látinú ẹ̀ ni. Mo bá a jà lórí ẹ. Mo ní ọmọ tèmi kọ́.

Kọ̀ǹpútà náà ń ṣe dáadáa. Kò sí wàhálà kankan. Mo tàn án, ó tàn. Fọ́tò ń ṣí. Má dààmú ara ẹ.

Ṣùgbọ́n máa fi gègé tó dúdú kọ̀wé sí mi, kí o sì jẹ́ kí ó tóbi díẹ̀. Má sì máa kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sínú ẹ̀. Ayé ò ṣeé fọkàn tán.

Ìyá tó bí ọ, tí kò kábàámọ̀ ẹ̀


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Màámi,

Mo kúnlẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Jẹ́jẹ́ pé a ò ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń lo ètò náà, tí agbára wọn ká a, ni wọ́n ń dá owó jọ fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé nǹkan burúkú wà nínú ẹ̀, ó lè tú u wò. Ohun tó mú kó dáa nìyẹn.

Ẹ̀yin náà lẹ wá kọ ọ́ pé "kò sí wàhálà". Màámi, mi ò tíì rí ẹni tó lo nǹkan yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rí wàhálà. Èmi tí mo wà nídìí ẹ̀, mo ṣépè fún un lánàá. Ṣé ó dá yín lójú?

Nǹkan míì tún wà. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ti tóbi. Ìlà mẹ́fà péré ló wà lójú ewé kan. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń kọ̀wé sí mi tí ẹ bá ń bínú, gàdàgbà gàdàgbà. Kí ni mo ṣe o?

Èyí tó ṣe pàtàkì ni mò ń sọ bọ̀ yìí. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Ṣókí torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í kọjá mẹ́ta, ní òun ò gbà pé àwọn ará ilé ń jìyà. Ó ní ẹnu mi lásán ni òun ń gbọ́. Wọ́n máa pe àwọn tí a fún ní ètò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní jẹ́ kí èmi pè yín, ọkùnrin kan tó gbọ́ èdè wa láti ẹ̀ka míì ló máa pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbogbo ohun tó le fún un. Tí wọ́n bá rí i pé ó le, wọ́n á fi èèyàn kún wa ká lè tún un ṣe. Tí wọn ò bá rí i, wọ́n á ti ẹ̀ka wa pa. Ọwọ́ yín ni mo wà.

Oníbéèrè yín


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Oníbéèrè, ọmọ tó ń mú orí mi wú,

Fọkàn balẹ̀, mi ò bínú sí ọ. Gègé tuntun ni mò ń lò, eré ló ń sá.

Wọ́n ti pè mí! Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ o. Ó kí mi "ẹ káàsán mà", ó bi mí bí ara ṣe rí, ó kí mi kú iṣẹ́ ọwọ́. Mo ti mọ̀ pé ilé ire ló ti wá. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ tètè ń rí ibi tí fọ́tò wà?" Mo ní, "Rí i kẹ̀? Bí mo bá ṣe tàn án báyìí ló ń yọ sí mi." Ó ní, "Kí ló wá le jù níbẹ̀ fún yín?" Mo ní, "Ohun tó le ni pé ẹ ò tíì gbé ọmọ mi ga tó." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tún béèrè pé ṣé kò sí nǹkankan rárá, bó ti wù kó kéré mọ, tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Mo ní kò sí, iṣẹ́ ọmọ mi ò ní àbùkù. Mo wá gbàdúrà fún ọ̀gá yín, mo gbàdúrà fún òun náà, pé kò ní rí ibi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣì ń gbàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù já.

Mo mọ ohun tó o kọ, má rò pé mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwé lo mọ̀, ọmọ mi, o ò tíì mọ ayé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìyá wo ló máa jókòó, tó máa máa ka àléébù iṣẹ́ ọmọ ẹ̀ fún ọ̀gá ọmọ ẹ̀? Ta ni wọ́n á wá lé lọ, ṣé kì í ṣe ìwọ ni? Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó bá yá.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ìgbéga ẹ láti ibi tí mo jókòó sí.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú, mi ò lè kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ò gbé fóònù, èmi sì rò pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ tì tipẹ́ ni. Tiyín ló gùn jù. Ọkùnrin yẹn ka gbogbo ẹ̀ síta, títí kan àdúrà. Inú gbogbo wọn dùn sí yín, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Ṣókí wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá rẹ gbádùn." Ó parí síbẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù keje, wọ́n á ti ẹ̀ka wa, wọ́n á pín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta káàkiri.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo ti ń bá wọn jà fún láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀yin ni! Tí mo bá dìde nípàdé, tí mo ní ẹ jẹ́ ká ro ti ẹni tó wà nílé, ẹ̀yin ni mo máa ń rí lójú mi, níbi tí ẹ ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ẹ wá fi àdúrà pa mí lẹ́nu mọ́. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ òótọ́, ẹ ní ìwé ni mo mọ̀, mi ò mọ ayé. Ó dáa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ayé, ẹ wò ó bó ṣe rí.

Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ yẹn, àwòrán wo ló máa ń wà lójú ẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màámi,

Mo ń retí lẹ́tà yín, kò wá. Mo pè, Jẹ́jẹ́ ló gbé fóònù, ó ní ẹ wà nídìí iṣẹ́. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹ wà nídìí iṣẹ́. Mo sì ń gbọ́ yín lẹ́yìn ẹ̀ tí ẹ̀ ń sọ fún un pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dárí jì mí. Ẹnu mi gbóná jù. Mo ka ẹ̀dà lẹ́tà yẹn lẹ́yìn tí mo ti fi ránṣẹ́, ojú tì mí pé ìyá mi ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ gbàgbé Ọ̀gá Ṣókí, ẹ gbàgbé ẹ̀ka. Mi ò wá ẹ̀rí kankan mọ́. Ohun tí mo kàn fẹ́ mọ̀ ni bí ẹ ṣe wà gan-an. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ò wúlò fún yín, ẹ sọ fún èmi nìkan. Mi ò lè bínú. Ẹ ṣáà má dákẹ́ sí mi, Màámi, ìdákẹ́jẹ́ yín ń bà mí lẹ́rù ju ẹgba yín lọ.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti gbọ́ lẹ́tà ẹ méjèèjì. Mo ní mo gbọ́ wọn, mi ò ní mo kà wọ́n. Jẹ́jẹ́ ló ń kàwé fún mi láti ọdún tó kọjá. Bó ṣe ń wakọ̀ náà ló ṣe ń kàwé, kó tó parí ewé kan, tíì mi á ti tutù. Èyí tó o fi bá mi jà yẹn, ó kà á dé àárín, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀." Ojú tì mí níwájú ẹ̀.

Kíkọ ni tèmi, èmi fúnra mi ni mo ń kọ gbogbo lẹ́tà mi. Kì í ṣe ìbínú ló jẹ́ kó tóbi. Tí mi ò bá kọ ọ́ tóbi, mi ò ní mọ ibi tí mo dé.

Ojú mi ò ríran mọ́, ọmọ mi. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, bíi kéèyàn máa wo ìta látẹ̀yìn ọ̀rá. Aṣọ tí mò ń rán, ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo rán àpò aṣọ ilé ìwé kan sí inú lóṣù tó kọjá. Ìyá ọmọ náà gbé e padà wá, ó ní ṣé báyìí ni wọ́n ń rán an lóde báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e lọ.

Nígbà tó o wálé, ohùn ẹ ni mo fi mọ̀ pé ìwọ lo wọlé. O rántí pé mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ẹ mú lẹ́nu ọ̀nà, tó o ní "Màámi, ó tó"? Ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ ni mò ń wá. Gbogbo ọjọ́ tó o lò nílé, mi ò rí ojú ẹ. Mi ò sọ fún ọ torí mo mọ̀ ọ́, wàá ju iṣẹ́ sílẹ̀, wàá ní o ò lọ mọ́.

Ó kan ẹ̀rọ ẹ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, nínú àpótí, mo fi súẹ́tà ẹ bò ó. O fẹ́ gbọ́ òótọ́, gbọ́ ọ. Jẹ́jẹ́ tó ń bá mi wo ojú ẹ̀ ní wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wínníwínní, ó tún wá jẹ́ àwọ̀ eérú lórí funfun, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n kà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i lọ́wọ́ mi bíi pé mo wá jalè nínú ilé ara mi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, àmì kékeré tó-tò-tó ló ń yọ dípò ọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí mo tẹ̀? Ó tún ń sọ pé òun fẹ́ tún ara òun ṣe, ṣé kí òun ṣe é báyìí àbí tó bá yá. Mo ní tó bá yá. Ó tún bi mí lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ tún ara ẹ̀ ṣe, kó lọ tún ara ẹ̀ ṣe, kí ló kàn mí? Ó wá ń pàṣẹ fún mi: "Tẹ ibí. Dúró. Tún un ṣe." Èmi! Ta ló rò pé òun ń bá wí? Ẹ̀rọ yẹn ò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Má ka lẹ́tà yìí sétí ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyá ẹ purọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú ẹ̀ ti ń lọ. Mo bẹ̀ ọ́.

Màámi ẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Màámi mi,

Jẹ́jẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń ka èyí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á kíákíá díẹ̀ lónìí.

Mo sunkún, Màámi. Mo jókòó tì yín nínú ilé yẹn, mo tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ, mò ń tún un ṣe fún yín, mi ò gbé ojú sókè kí n wo ojú yín. Wọ́n ń san owó fún mi pé kí n mọ ohun tó ń ni àwọn ará ilé lára, ará ilé tèmi gan-an ni mi ò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ ní kí n má ka lẹ́tà yín fún ẹnikẹ́ni. Mi ò kà á. Ó wà nínú àpò mi nígbà tí a jókòó ìpàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé tí mo bá yọ ọ́ síta, ó lè gba ẹ̀ka wa sílẹ̀. Ọwọ́ mi kàn án. Mi ò yọ ọ́. Ẹ̀ka lè lọ bó bá fẹ́, ìyá kan ṣoṣo ni mo ní.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ sí èdè wa. Mo ti tún un ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ibí" ni yóò máa sọ báyìí.

Nǹkan funfun ojú yẹn, àwọn dókítà ń yọ ọ́ lójoojúmọ́. Mo ti bá ilé ìwòsàn ojú tó wà lọ́dọ̀ yín sọ̀rọ̀, wọ́n ń retí yín. Jẹ́jẹ́, ẹ bá mi gbé wọn lọ. Ẹ tètè jáde nílé o.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Oníbéèrè mi,

Jẹ́jẹ́ gbé mi lọ. Àárọ̀ la kúrò nílé, nígbà tá a dé, dókítà ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó tún un wọ̀ torí mi. Ó yẹ ojú mi wò, ó ní ọ̀tún ni òun máa kọ́kọ́ ṣe, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún ọ mọ́. Abẹ nínú ojú! Mo ti ń gé aṣọ láti kékeré, mo mọ ohun tí irin mímú lè ṣe.

Ibi tó o ti sọ pé lẹ́tà mi wà nínú àpò ẹ, tí ọwọ́ ẹ kàn án tí o ò sì yọ ọ́, Jẹ́jẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì fún mi. Mo ní kó bá mi wá nọ́ńbà ọmọ tó pè mí lọ́jọ́sí. Mo pè é, mo ní, "Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa fún ọ." Ó ní, "Háà! Mà?" Mo ní kó mú gègé. Mo sọ ti àpótí, mo sọ ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ti ọ̀rọ̀ wínníwínní àti ti àmì tó-tò-tó. Mo sọ ti ojú mi pẹ̀lú. Mo ní kó lọ sọ fún Ọ̀gá Ṣókí pé òótọ́ ni ọmọ mi ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá ẹ̀ ló purọ́, kó sì sọ fún un pé ìyá náà ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀.

N ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi, kí n máa sọ ohun tí kò dáa lára iṣẹ́ ọmọ mi fún ará ìta. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ ìtìjú mi ló máa gbè ọ́, gbà á.

Bá mi gbàdúrà ojú.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje

Màámi,

Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ, ẹ kú oríire. Jẹ́jẹ́ sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú yín. Mo jó nínú yàrá mi títí ará ìsàlẹ̀ fi gbá àjà ilé ẹ̀.

Ọkùnrin yẹn dìde nípàdé, ó ka ohun tí ẹ ní kó sọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó fi kún un pé òun pe àwọn tí kò gbé fóònù lọ́jọ́sí títí wọ́n fi gbé e, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti gbé ẹ̀rọ tiwọn pamọ́ bíi tiyín. Ọ̀gá Ṣókí ní, "Ẹ̀ka yín dúró." Mo ti fẹ́ fò mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n sì fi ẹnì kan kún wa. Ọkùnrin náà ló ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní kí n bi yín bóyá àdúrà ọjọ́sí yẹn ṣì dúró.

Ohun tá a kọ́kọ́ ṣe wà nínú fíláàṣì kékeré tó wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ fi í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ tàn án, ó tán. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ tóbi, ó dúdú kirikiri. Kò ní béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ yín nínú ilé yín mọ́. Tí ojú bá rẹ̀ yín, á kà á sókè fún yín. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí fọ́tò tóbi, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀. Mo fi fọ́tò mi kan sínú ẹ̀, iwájú ilé iṣẹ́ la ti yà á lọ́sẹ̀ yìí.

Ara mi le. Kò sí wàhálà kankan lọ́dọ̀ mi.

Oníbéèrè yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ

Oníbéèrè,

Èmi ni mò ń tẹ èyí fúnra mi. Mo ti lé Jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, má rẹ́rìn-ín.

Mo ríran! Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ilé mi dọ̀tí. Ògiri yìí, báyìí ló ṣe rí, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi! Jẹ́jẹ́ náà ti darúgbó gan-an, mo ní kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ, ó ní ọdún ló ń gorí ọdún.

Ẹjọ́ tí mo ní nípa ẹ̀rọ ò tíì tán o. Ohùn tó fi ń kàwé dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ó yẹ kó máa sinmi níbi tó bá yẹ kó sinmi. Sọ fún ọmọ tó wá bá yín yẹn pé àdúrà dúró digbí, ṣùgbọ́n kó tún ohùn yẹn ṣe.

Mo ṣí fọ́tò ẹ. Mo tẹ àmì ìròpọ̀ bó o ṣe wí. Ó tóbi. Mo tún un tẹ̀, ó tún tóbi, títí ojú ẹ fi kún gbogbo ojú ẹ̀rọ. Mo sunkún, ọmọ mi. O ti jọ ìyá tèmi. Mo ń fi ìka tọ ojú ẹ lórí ẹ̀rọ, láti àgbọ̀n lọ sókè, mo wá dé òkè ìpéǹpéjú òsì.

Aránṣọ ni mí. Kò sí ojú ìrán tí mi ò mọ̀. Wọ́n rán ibẹ̀. Mo rí ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, mo rí ibi tó ti jáde, ẹni tó rán an ò sì fara balẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tó o wà nílé, torí ọwọ́ mi kan gbogbo ojú ẹ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí à ń kọ lẹ́tà wọ̀nyí síra wa ni, o sì ń sọ fún mi pé ara ẹ le.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ? Ṣé o ṣubú ni? Ta ló dúró tì ọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà? Àbí ìwọ nìkan lo jókòó síbi tí wọ́n ti rán an, o ò rí ọwọ́ tí wàá dì mú?

Mo ti sọ tèmi fún ọ, kò pa mí. Sọ tìẹ. Má sì kọ ọ́ sí mi pé kò sí wàhálà, torí mo ti rí ọ.

Màámi ẹ